Orógbó tàbí Èmí: Èwo Ni Kí Ẹ Gbìn Sórí Ilẹ̀ Tí Ẹ Jogún?

Kò pẹ́ tí wọ́n pín ilẹ̀ ìdílé wa tán ni àbúrò mi pè mí láti Ìbàdàn. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní owó wà nídìí orógbó. Wọ́n tún ní òrí ni àwọn òyìnbó ń rà báyìí. Èwo ni kí n gbìn?" Mo bi í pé orí ilẹ̀ wo. Ó ní, "Ti bàbá wa lọ́nà Ṣakí, àti ìwọ̀nba tí màmá wa fi sílẹ̀ l'Óǹdó." Mo sọ fún un pé kó ní sùúrù, màá kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí òun nìkan kọ́ ló ń da ọ̀rọ̀ yìí rò. Ohun tí mo kọ rèé, mo kàn yọ ọ̀rọ̀ ilé kúrò nínú rẹ̀ ni.

Igi méjèèjì ló wà nínú ìwé tí ẹgbẹ́ IUCN ń kọ orúkọ àwọn ohun abẹ̀mí tí ewu ìparun wà lórí wọn sí. Èmí, igi tí a ti ń rí òrí, wọ inú rẹ̀ ní 1998, orógbó ní 2004, ipò kan náà ni wọ́n sì fi àwọn méjèèjì sí: wọn kò tíì fẹ́ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtitán ni wọ́n wà. Ẹni tó bá gbin èyíkéyìí nínú wọn ti ṣe dáadáa. Àmọ́ ohun tó ń pa ọ̀kan kọ́ ló ń pa èkejì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yíyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ilẹ̀ ni àkọ́kọ́: irú ilẹ̀ tí ẹ ní, àti ẹni tó ni ín gan-an. Lẹ́yìn náà ni iye ọdún tí ẹ lè dúró. Ẹ̀kẹta ni wàhálà àti owó tí yóò gbà kí igi tó dá dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ṣé a lè fọkàn tán an pé yóò so? Ìkarùn-ún, ta ni yóò ṣiṣẹ́ ara èso náà nígbà tó bá so?

Mi ò fi iye owó ọjà kún un. Iye tí wọ́n ń ta kóńgò orógbó tàbí òrí lónìí kọ́ ni wọn yóò máa tà á nígbà tí igi tiyín bá so. Ẹni tó bá sì ń wá owó ọdún mẹ́ta, kó lọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ò bínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ni ilẹ̀ kí n má baà gbàgbé. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbin igi tó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ ti sọ pé òun ni ín. Ìdí nìyẹn tí onílẹ̀ fi lè gbà kí àjèjì gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sórí ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ pé ó gbin kòkó, ìjà dé. Bákan náà ni orógbó rí. Bí ilẹ̀ ìdílé kò bá tíì pín, ẹ pe àwọn àgbà jọ kí ẹ tó da kóró kan sílẹ̀, kí ẹ sì pe ẹlẹ́rìí. Ti èmí fúyẹ́ díẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ló hù fúnra rẹ̀, ẹni kankan kò lè ní òun ló gbìn ín.

Orógbó

Igi igbó ni. L'Óǹdó, l'Ọ́wọ̀, ní Ìjẹ̀bú, títí dé ilẹ̀ Ẹdó, Cross River àti Cameroon, ibi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa tí ilẹ̀ kì í gbẹ pátápátá ló ti ń ṣe rere. Nígbà tó bá kéré, oòrùn gangan kì í bá a lára mu, ó fẹ́ kí nǹkan ṣíji bò ó. Bí ẹ bá ní oko kòkó tó ti ń darúgbó, tí àyè ti ń là láàárín rẹ̀, ẹ ti ní ilé orógbó nìyẹn láì ná kọ́bọ̀ kún un.

Ẹni tó máa rà á kì í ṣe ìṣòro. Kò sí ibi tí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ tí wọn kì í bèèrè orógbó: "Orógbó rèé, wàá gbó, wàá tọ́." Ṣàngó kì í jẹ obì, orógbó ni tirẹ̀, débi pé ní Bàhíà ní Brazil lọ́hùn-ún, orobô ni wọ́n ṣì ń pè é, Xangô náà ni wọ́n sì ń fún. Awakọ̀ òru ń jẹ ẹ́, ọlọ́dẹ ń jẹ ẹ́. Àwọn Hausa tí orógbó kì í hù lọ́dọ̀ wọn pàápàá ní orúkọ fún un, namijin goro, ìyẹn akọ obì. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń yẹ èròjà rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní kolaviron wò láti ọdún pípẹ́. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ẹni tó wá ṣe alága INEC lẹ́yìn náà, sọ níbi àpérò kan l'Amẹ́ríkà pé ohun kan nínú orógbó ń dá kòkòrò Ebola dúró nínú ìgò àyẹ̀wò. Inú ìgò àyẹ̀wò ni o. Nígbà tí Ebola wá wọ Èkó ní 2014, àwọn èèyàn ń jẹ orógbó bí ẹ̀pà, wọ́n rò pé ààbò ni. Ẹ má gbìn ín nítorí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ọjà ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó tó o.

Níbi àtihù rẹ̀ ni ìṣòro wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo ra ogójì kóró lọ́jà, mo rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, mo sin wọ́n, mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Oṣù mẹ́ta kọjá. Oṣù mẹ́fà kọjá, koríko nìkan ló hù. Mo hú ọ̀kan jáde: ó le koko, kò rà, kò hù, bí mo ṣe sin ín ló wà. Màmá àgbàlagbà kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kó o sin ín tòun tẹ̀wù?" Ó mú kóró náà, ó fi èékánná àtàǹpàkò bó èèpo pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ kúrò, gbogbo ìka rẹ̀ sì di àwọ̀ ìyeyè. Ó ní kí n bó gbogbo rẹ̀, kí n rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n máa pààrọ̀ omi, kí n wá kó o sínú àpò tí omi ti rin níbi tó móoru. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbòǹgbò yọ lẹ́nu kan kóró, èéhù yọ lẹ́nu kejì. Èmi tí mi ò bó tèmi, ó lè tó ọdún kan àtààbọ̀ kí n tó rí ewé.

Kóró tó tutù ni kí ẹ lò. Èyí tó ti sùn sí ìsọ̀ alátẹ títí tó fi rọ, àtijẹ ló wà fún.

Ìṣòro kejì ló dùn mí jù. Orógbó ní akọ, ó ní abo, abo ló ń so. Kò sí ẹni tó lè wo ewé ọmọ igi kó sọ èyí tí yóò so, àfi kó tanná. Kó sì tó tanná, ó lè tó ọdún méje, ó lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kù sọ́wọ́ ilẹ̀ àti ìtọ́jú. Ọkùnrin kan tà mí ní ọmọ igi mẹ́wàá, ó búra pé abo ni gbogbo wọn. Mo san owó lé e. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé kò sí bó ṣe lè mọ̀, ó ti kó lọ síbòmíràn. Nítorí náà, ẹ má gbin igi kan tàbí méjì kí ẹ wá máa retí. Ẹ gbin mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí wọ́n bá tanná, ẹ fi ìwọ̀nba akọ sílẹ̀ láàárín wọn, kí ẹ gé ìyókù. Ẹni tó bá mọ̀ bí a ṣe ń lọ́ ẹ̀ka igi lè gé ẹ̀ka lára abo tó ti ń so, kó lọ́ ọ mọ́ ọmọ igi. Ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ akọ àti abo, ó sì dín ọdún ìdúró kù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ sùúrù ni.

Lẹ́yìn tó bá ti so, ìrọ̀rùn dé. Èso tó pọ́n máa ń já fúnra rẹ̀, ẹ ó ṣà á jọ, ẹ ó jẹ́ kí ara rẹ̀ rà, ẹ ó fọ kóró jáde. Oje rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ẹ wá nǹkan fi bọwọ́. Ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ tó wà ńbẹ̀, ọmọ méjì lè ṣe é tán láàárọ̀. Kì í ṣe oúnjẹ kòkòrò púpọ̀, bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù, ó lè dúró de ọjà tó dára.

Kí ló wá ń pa á? Àáké ni. Ẹ̀ka àti gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń là ṣe orín, èèpo rẹ̀ ni àwọn kan ń bó láti rì sínú ẹmu. Igi tí wọ́n bá bó láwọ̀ yíká kò ní yè é. Nínú igbó, ó ti di ohun tí à ń wá. Bí ẹ bá ń rí orógbó lọ́jà lónìí, èyí tó pọ̀ jù láti inú oko àti ẹ̀yìnkùlé ni. Fún ìdí yìí, àtigbìn ni orógbó fẹ́. Bí a kò bá gbìn ín, ẹnìkan kò ní bá wa gbìn ín.

Èmí

Igi ọ̀dàn ni èmí, àwọn tó mọ òrí ju igi rẹ̀ lọ pọ̀. Láti Senegal títí dé Uganda ló ti ń hù, ní ibi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ. Lọ́dọ̀ wa, Òkè-Ògùn ni ilé rẹ̀: Ṣakí, Kíṣí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, kó tó wọ Kwara lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá àti Nupe. Ẹ lè gbin èmí sí Òǹdó bó bá wù yín. Ewé lẹ ó máa wò.

Àwọn bàbá wa kì í gbin èmí. Bí wọ́n bá ń ṣán oko, wọ́n á yí i ká, wọ́n á fi í sílẹ̀ láàárín iṣu àti ọkà bàbà. Ìdí tí ẹ fi ń rí igi èmí tó dúró káàkiri oko bí ẹni pé ẹnì kan fi okùn wọn ààyè wọn nìyẹn. Èèpo ara rẹ̀ nípọn, ó là yẹ́nyẹ̀n bí ẹ̀yìn ọ̀nì, iná pápá á jó o, kò sì ní kú. Bí wọ́n gé e, kùkùté rẹ̀ á tún rú.

Òun ló pẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Èmí tó ti inú kóró hù lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́, ó sì tún kù ọ̀pọ̀ ọdún kó tó so dé ojú àmì. Àmọ́ tó bá ti dé ibẹ̀, ó lè máa so fún igba ọdún. Bí ẹ bá ti lé ní àádọ́ta tí ẹ sì ń gbin kóró èmí, ẹ mọ̀ pé ọmọ ọmọ lẹ ń gbìn ín fún. NIFOR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí Benin, ní ẹ̀ka kan ní Bida tó ń ṣiṣẹ́ lórí èmí. Lílọ́ ẹ̀ka igi àgbà mọ́ ọmọ igi ń gé ọdún púpọ̀ kúrò nínú ìdúró yìí. Bí ẹ bá lè rí ọmọ igi tí wọ́n lọ́, òun ni kí ẹ rà.

Kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó já, kò wúlò fún gbígbìn mọ́. Bó ṣe ń hù náà yàtọ̀: ohun tó kọ́kọ́ yọ á wọ inú ilẹ̀ lọ ní tààrà, yóò fìdí múlẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, èéhù á wá ti abẹ́ ilẹ̀ jáde lẹ́yìn náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé kò hù, á sì gbin nǹkan mìíràn lé e lórí. Gbòǹgbò gígùn yìí náà ni kì í jẹ́ kó fẹ́ ká ṣí i nípò. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kó wà títí ayé ni kí ẹ ti gbìn ín.

Ìfọkàntán ńkọ́? Kò sí ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo lọ́dọ̀ èmí, òdòdó kọ̀ọ̀kan ló pé, oyin ló ń ṣe alárinà. Igi àgbà tó dára lè so èso tútù 15 sí 20 kg lọ́dún, ṣùgbọ́n kì í so bákan náà lọ́dọọdún. Ó lè so jìngbìnnì lọ́dún yìí kó sì ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ yín lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà òjò, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní kanni lè jẹ gbogbo ewé rẹ̀ tán. Kó tó di pé ẹ fi oògùn kòkòrò sí i, ẹ bi àwọn ará Kwara: wọ́n ń ṣa kanni yìí, wọ́n ń sè é, wọ́n ń sá a, wọ́n ń tà á lọ́jà Ìlọrin fún ọbẹ̀. Ìjà kò sí nínú ìyẹn.

Iṣẹ́ ara èso rẹ̀ ló wúwo. Láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹjọ, àwọn obìnrin ń lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́ láti ṣà á, nínú koríko tí ejò wà. Èso rẹ̀ dùn, àwọn ọmọdé á jẹ ara rẹ̀. Kóró rẹ̀ lẹ ó sè, ẹ ó sá, ẹ ó pa, ẹ ó yan, ẹ ó lọ̀. Mo jókòó ti ìyá kan ní Kíṣí lọ́jọ́ kan nígbà tó ń pò ó. Ohun tó wà nínú ọpọ́n náà dúdú, ó ki bí àmọ̀. Ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń gbá a, apá rẹ̀ wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó tó wákàtí kan, mo rò pé kò ní sí nǹkan. Ó bu omi tútù kan sí i, àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó di bí eérú, òrí sì léfòó bí ìfófò ọṣẹ. Ó bù ú síkòkò, ó sè é, ó sẹ́ ẹ. Ọ̀wọ́ igi ìdáná tó jó kò kéré. Bí kò bá sí obìnrin tàbí ẹ̀rọ tí yóò ṣe èyí, kóró gbígbẹ nìkan lẹ ó máa tà, àwọn alágbàtà ló sì ń jẹ èrè ìyẹn.

Ọjà rẹ̀ tóbi ju ti orógbó lọ, àmọ́ ọwọ́ àwọn tó jìnnà ló wà. Òfin Yúróòpù ti 2000 fàyè gba kí wọ́n fi ọ̀rá èso mìíràn tí kò ju ìdá 5 nínú 100 lọ sínú ṣokoléètì, òrí wà lára mẹ́fà tí wọ́n dárúkọ. Ìpara àti ọṣẹ ló tún ń gba púpọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó kóró èmí tí a kò tíì sọ di òrí jáde kúrò ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, kí wọ́n lè máa sọ ọ́ di òrí nílé. Ohun tí ìyẹn fi hàn àgbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Abùjá lè yí iye kóró padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti orógbó kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjọba tó ń fòfin de ìsọmọlórúkọ. Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ní Cuba, àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀ kò rí òrí, wọ́n fi ọ̀rá kòkó rọ́pò rẹ̀ níwájú Ọbàtálá, wọ́n sì ń pe ọ̀rá kòkó náà ní orí.

Èédú ló ń pa èmí. Igi rẹ̀ le, iná rẹ̀ gbóná, ó pẹ́ kó tó kú. Ẹ wo ẹ̀bá ọ̀nà láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, àpò èédú ni wọ́n tò síbẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn ẹlẹ́rọ katakata tó ń ro oko ńlá kì í sì í yí igi kankan ká bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe.

Èyí ló jẹ́ kí èrò mi lórí èmí yàtọ̀. Ẹ má kọ́kọ́ gbìn ín. Ẹ rin ilẹ̀ yín já lẹ́yìn tí iná pápá bá ti kọjá, ẹ wo àwọn kùkùté tó ń rú àti ọmọ igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ wọn kí ẹni tó ń bá yín ro oko lè rí wọn. Ẹ fi èyí tó dúró ṣánṣán lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ gé ìyókù. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ìdí wọn yíká kí iná má baà jó ọmọdé inú wọn, ẹ sì wá ẹ̀gún yí wọn ká nítorí màlúù. Igi tó ti ní gbòǹgbò ọdún mẹ́wàá nílẹ̀ ti ṣíwájú èyí tí ẹ máa gbìn lọ́la. Ohun tó ń ná yín ò ju àdá àti aṣọ pupa lọ.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nínú igbó tí òjò ti ń rọ̀, tí ó ní oko kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó lè ṣíji bo ọmọ igi, orógbó ni tirẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí kò ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, torí iṣẹ́ ara èso rẹ̀ kéré. Ẹni tí kò lè gbin ju igi méjì lọ nínú ọgbà ilé kò gbọdọ̀ mú un àyàfi kó rí èyí tí wọ́n lọ́ láti ara abo.

Ẹni tó ní ilẹ̀ ọ̀dàn, pàápàá èyí tó tóbi tí èmí ti wà lórí rẹ̀, kó dúró ti èmí, bí ó bá ní ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Èmí láìní olùṣọ́, àpò èédú ni. Bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí bá wà nítòsí, ẹ bá wọn ṣe àdéhùn kí igi tó so, kí ẹ kà wọ́n mọ́ àwọn onílẹ̀, nítorí àwọn ni yóò kọ́kọ́ pariwo bí ẹnì kan bá gbé àáké dé ìdí rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé ìlú òkèèrè tó kàn fẹ́ kí nǹkan wà lórí ilẹ̀ kí wọ́n má baà gbà á: orógbó, bí ilẹ̀ náà bá gbà á. Igi tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ní ìlà ló ń jẹ́rìí fún un níwájú ẹbí.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyí: orógbó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sáàárín kòkó màmá wa l'Óǹdó, kó sì bó èèpo rẹ̀. Ní ti ọ̀nà Ṣakí, kó má ra ọmọ igi kankan lọ́dún yìí. Kó ra aṣọ pupa kan, kó wọ bàtà tó le, kí á jọ lọ ka èmí tó wà níbẹ̀ ní oṣù Kejì. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé èmí kankan ṣẹ́kù. Mo ní bí a bá dé ibẹ̀ tí a bá kùkùté nìkan, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń rú lórí wọn.